Àpérò Lórí Àyíká, Ìdọ̀tí Lẹ́yìn Àpérò

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Àwọn èèyàn pàtàkì ti ya fọ́tò tán, wọ́n ti lọ, ọkọ̀ wọn ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkẹjà. Àwa ọmọ ìgbìmọ̀ tó ṣètò àpérò náà la ṣẹ́kù nínú gbọ̀ngàn, à ń ká báńnà. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ń ti ìdí àga kan bọ́ sí ìdí àga kejì, ó ń ṣa ìgò omi. Ọ̀pọ̀ nínú ìgò yẹn ni wọn ò mu dé ìdajì. Ìyá á ṣí ìdérí, á da omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, á ju ìgò sínú àpò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó bi wá léèrè:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ ń sọ látàárọ̀?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ àyíká ni, Mà. Bí ìlú ò ṣe ní dọ̀tí mọ́."

Ó wo ilẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì ń bá tiẹ̀ lọ.

Kò bú wa. Ì bá sàn kó bú wa.

Èmi náà wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn o. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí nígbà náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé orí òkè ni mo jókòó sí tí mo fi ń bú àwọn tó wà nísàlẹ̀. Èmi ni mo pe ẹni tó ṣe báńnà lórí fóònù. Èmi ni mo ka bíró.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ másítà àti PhD bá fẹ́ ṣe àpérò nílẹ̀ yìí, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń jíròrò kì í ṣe ìbéèrè tí àpérò fẹ́ dáhùn. Báńnà ni. Báńnà ẹnu géètì, báńnà ẹ̀yìn àwọn èèyàn pàtàkì, báńnà tí a ó máa ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan báàgì tí wọ́n tẹ orúkọ àpérò sí, fáìlì, bíró, káàdì ọrùn oníke, àti ìwé ètò tó ń dán gbinrin, tí fọ́tò àwọn ọ̀gá ti kún ojú ewé mélòó kan kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀. Ó wá kan omi inú ìgò, ìrẹsì inú abọ́ ike, ṣíbí ike, ọ̀rá tí wọ́n fi di gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ tó ń ké látàárọ̀ dálẹ́ sí i, nítorí gbọ̀ngàn tí a gbà ò ní fèrèsé tó ṣeé ṣí. Ẹ fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó gbé èèyàn kọ̀ọ̀kan wá sí i, ọ̀kan fún ọ̀gá kan.

Báńnà tiwa lẹ́wà gan-an. Àwòrán igi wà lára ẹ̀, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àti ọdún wà lára ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà kò sí bó ṣe fẹ́ wúlò lọ́jọ́ kejì. Ike sì ni báńnà. Kì í jẹrà. Igi tó wà lára ẹ̀ yẹn á pẹ́ láyé ju igi tòótọ́ tó wà níta gbọ̀ngàn lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìmọ̀ ló fà á, pé kí a la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀. Irọ́ ni. Ta ni ò mọ̀ nínú wa? Ẹni tó fi ọdún méjì kọ ìwé lórí ike inú ọ̀sà ló ń mu omi inú ìgò yẹn. Ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2025, ó kan ife ike, ṣíbí ike àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí à ń jù nù. Gbogbo wa la gbọ́. Kí la ṣe? A kúrò lórí fóòmù, a bọ́ sórí abọ́ ike tó le díẹ̀, a ní a ti pa òfin mọ́. Òfin yẹn ò fọwọ́ kan ìgò omi, àwa náà sì ń ṣe bíi pé ohun tí òfin ò bá ti dárúkọ, kì í ṣe ìdọ̀tí.

Àìmọ̀ kọ́. Àpọ́nlé ni.

Ẹ wo háí tébù dáadáa tí ẹ bá tún lọ sí àpérò. Ìgò omi méjì ló máa ń wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tutù, ọ̀kan ò tutù: fún alága, fún aṣojú, fún ẹni tó ṣojú aṣojú. Àwa tó wà lẹ́yìn, pure water ni. Àwọn tó ń gbálẹ̀, wọ́n á wá tiwọn lọ. Ìgò yẹn kì í ṣe fún òùngbẹ. Àmì ipò ni, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe jẹ́ lọ́rùn ìjòyè. Tí o bá fẹ́ mọ ẹni tó ga jù, ka ìgò tó wà níwájú ẹ̀. Báàgì náà, àmì ni. Fọ́tò inú ìwé ètò, àmì ni: tí fọ́tò ẹnì kan bá kéré ju ti ẹnìkejì ẹ̀ lọ, á bínú, àwa la ó sì máa bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìlànà "àpérò aláwọ̀ ewé" tí à ń kà káàkiri, òkè ẹrù ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ń tò. Fi ife oparun rọ́pò ife ike. Fi báàgì aṣọ rọ́pò báàgì ọ̀rá. Gbin igi kan, kí o ya fọ́tò. Ní kúkúrú, ra nǹkan mìíràn. Mo ní báàgì aṣọ mẹ́jọ nílé tí wọ́n tẹ orúkọ àpérò sí. Ta ló fẹ́ ìkẹsàn-án? Ìsàlẹ̀ ẹrù ni kí a wò: àwa tó pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé ò mọ bí a ṣe ń bu ọlá fún èèyàn mọ́ láì fi nǹkan tó máa jù nù lé e lọ́wọ́.

Ta ló wá ń sanwó àpọ́nlé yìí? Akẹ́kọ̀ọ́ ni. Owó ìforúkọsílẹ̀ tí à ń gbà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wa, ẹ tú u wò. Báàgì ni, báńnà ni, ìwé ètò ni, omi ni, epo jẹnẹrétọ̀ ni. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ rin ìrìn àjò lọ sí àpérò ń ṣírò owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbéra. Àwa wá lé owó báàgì lé e. Ọmọbìnrin kan láti Àgọ́-Ìwòyè pè mí nígbà àpérò tiwa. A ti gba iṣẹ́ ẹ̀ wọlé. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè wá láì gba báàgì, kí ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò fún mi?" Mo ní kò ṣeé ṣe, pé iye kan náà ni gbogbo èèyàn ń san. Ó ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun, sà." Kò wá. Orí omi kànga ni iṣẹ́ ẹ̀ dá lé. A fi báàgì lé e sẹ́yìn.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àpérò tí ò ba àyíká jẹ́, ohun olówó ni, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Èyí tí à ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí gan-an ni ti olówó.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ò tó, la bá wá onígbọ̀wọ́. Ní àgbègbè Ìkẹjà sí Agége, ìyẹn ò le. Ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, fún wa ní páálí omi 40 àti owó báńnà. Wọ́n ní kí a kọ orúkọ àwọn sábẹ́ igi tó wà lára báńnà. A kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, tóun náà wà nínú ìgbìmọ̀, ní iṣẹ́ tó fẹ́ kà. Ó ti lọ wo gọ́tà kan tó gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ mẹ́ta kọjá. Ó bá àwọn tó ń gbé etí gọ́tà yẹn sọ̀rọ̀. Ó kọ àwọ̀ omi náà sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ mẹ́ta yẹn ni onígbọ̀wọ́ wa.

Kò sẹ́ni tó ní kó má kà á. Àgbà kan kàn fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé, "Ọmọ mi, tún àkòrí yẹn ṣe, kó má dà bíi pé à ń fẹ̀sùn kan èèyàn." Ó tún un ṣe. Wọ́n wá gbé e sí ìparí ètò, lẹ́yìn oúnjẹ, nínú yàrá kékeré kan lókè. Èèyàn mẹ́rin ló gbọ́ ọ. Èmi ò sí lára wọn. Mo wà ní gbọ̀ngàn ńlá, mò ń pín omi onígbọ̀wọ́.

Iye tí ìgò omi ọ̀fẹ́ ń náni nìyẹn. Àwọn tó ń sọ pé ìgò díẹ̀ ò lè ba ayé jẹ́, wọ́n tọ̀nà. Gbogbo ike tí àpérò kan bá lò lọ́jọ́ kan ò tó èyí tí ilé iṣẹ́ ọ̀rá kan ń ṣe jáde kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ò lè sọ pé "ẹ má bínú, a ò gba omi yín" kò ní lè sọ pé "ẹ wá wo gọ́tà yín." Ẹnu kan náà ló ń sọ méjèèjì.

Ibi tí a sì ti ń ṣe é ló tún jẹ́ kó tini lójú jù. Apá ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Guinness ti ń pọn ọtí ní Ọ̀gbà. Ọba Akran kún, Orẹ́gùn kún, Agídingbì kún. Agége tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, níbi tí J. K. Coker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti dáko kòkó àti obì kí ilé tó bo ilẹ̀, wá di ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn sí. Ilé iṣẹ́ mìíràn ti kógbá sílé: Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró lọ́dún 2008. Ọgbà àwọn mìíràn ti di ilé ìjọsìn, ilé ìkẹ́rùsí àti gbọ̀ngàn àríyá, àní gbọ̀ngàn tí à ń gbà fún àpérò. Àwọn tó kù ṣì ń ṣiṣẹ́, ọ̀rá àti ike sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe.

Láti ibẹ̀ sí Ọjọ́ta, ìrìn dáńfó díẹ̀ ni. Ààtàn Olúsosùn wà níbẹ̀ látọdún 1992, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 100 éékà. Nígbà tí iná sọ lórí ẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2018, èéfín ẹ̀ ò béèrè ẹni tó kàwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ rò ó wò: láàárín ibi tí wọ́n ti ń bí ike àti ibi tí wọ́n ti ń sin ín, àwa la wà láàárín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé lórí ike ní Jámánì máa ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kó tó rí ohun tí àwa ń rí látojú fèrèsé dáńfó. Síbẹ̀, tí a bá pe àpérò, a ó ti fèrèsé, a ó tan AC, a ó gbé àwòrán igi kọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ẹ ní kí a máa ṣe é lórí Zoom. Ní ọdún 2016, Ken Hiltner ní yunifásítì California tó wà ní Santa Barbara ṣètò àpérò kan tí ẹnikẹ́ni ò wọ bàálù wá sí. Olúkúlùkù ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sínú fídíò, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń kọ ìbéèrè àti èsì síra wọn fún ọjọ́ pípẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó rò pé Zoom ló máa gbà wá, iná ò tíì lọ mọ́ ọn lójú nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀. Dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Ohun tó yẹ ká mú nínú ti Hiltner kì í ṣe ẹ̀rọ ẹ̀. Òye ẹ̀ ni: kò pọn dandan kí gbogbo èèyàn wà níbì kan lásìkò kan náà. Ẹni tó wà ní Ṣókótó lè ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ sórí WhatsApp ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A ó gbé e sí sípíkà, a ó gbọ́, a ó jà sí i, a ó ká ìbéèrè wa sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i, òun náà á fèsì lálẹ́ nígbà tí iná bá dé. Kò ná an ní owó bàálù, kò sì ná an ní dátà Zoom.

Ẹ ní omi tí kì í ṣe ti ìgò máa fún èèyàn ní táífọ́ọ̀dù. Lóòótọ́, kò yẹ ká fi omi ṣeré. Ṣùgbọ́n ìgò ńlá onílítà 20 tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ omi ní ọ́fíìsì yín, ṣé ó ti pa yín? Ọ̀kan ẹ̀ rọ́pò ìgò kékeré 40 oní-50cl, wọ́n á sì gba ìgò náà padà láti tún omi rọ sí i. Kí kálukú mú ife ẹ̀ wá láti ilé. Ẹni tó bá gbàgbé, kí a yá a ní ife irin, kó fọ̀ ọ́ kó tó lọ.

Ẹ ní àwọn àgbà ò ní wá tí a ò bá pọ́n wọn lé. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà, mi ò ní fi ṣeré. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù, ó ń ba èmi náà lẹ́rù. Ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé ẹ ló jókòó sí háí tébù. Ọdún tí ẹ lò sẹ́nu PhD wà lábẹ́ bíró ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dá nìkan dìde tó ní "sà, kò sí ìgò omi fún yín," ó ń fi orí ara ẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Nítorí náà, ẹ má dá nìkan ṣe é. Kí ìgbìmọ̀ fẹnu kò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìpè látìbẹ̀rẹ̀, kó tó di ẹjọ́ ẹnì kan: kò sí omi ìgò, kò sí báàgì, kò sí fọ́tò nínú ìwé ètò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá torí ẹ̀ kọ̀, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ pe ẹlòmíràn.

Àwọn tó máa gbà sì pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí mo wá fi ìgboyà béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó bójú tó iṣẹ́ tèmi, ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ báàgì? Ìyàwó mi ti ní n ò gbọdọ̀ gbé báàgì àpérò wọlé mọ́!" Gbogbo ọdún tí a fi ń ra báàgì, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Tí ẹ bá sì ní akẹ́kọ̀ọ́ ò lágbára kankan, ẹ rántí Kókó. Ní ọdún 1988, wọ́n kó ẹgbin olóró láti Ítálì wá dà sí ìlú Kókó, ní ibi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló ta àwọn oníwèé ìròyìn nílé lólobó. Ariwo yẹn ló jẹ́ kí ìjọba ológun ṣòfin lórí ẹgbin olóró lọ́dún yẹn kan náà, tí wọ́n sì dá àjọ FEPA sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ò ní onígbọ̀wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

Ó yá, báwo ló ṣe yẹ ká ṣe é? Mo dábàá Agége.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 2021. Ó ń gbéra ní Mọ́níyà, tí kò jìnnà sí UI, ó ń gba Abẹ́òkúta, ó ń dúró ní Agége. Ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024 sì ni Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Agbádó dé Oyíngbò: ó ń dúró ní Agége, ó ń dúró ní Ìkẹjà, ó ń dúró ní Yábàá tí ará UNILAG ti lè wọ̀ ọ́. Dísù ni méjèèjì ń lò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kan tó fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn yàtọ̀ sí ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tó gbé ọgọ́rùn-ún ọ̀gá. Kí aago ọkọ̀ ojú irin sì ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ètò. Kí á yé dúró de alága. Ìyẹn nìkan á gbà wá ní wákàtí méjì.

Kí a wá gbọ̀ngàn ilé ìwé ìjọba kan tí fèrèsé ẹ̀ fẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé tí ọmọ ìwé ò sí níbẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, kí oòrùn tó mú. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti tó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí bátìrì fún sípíkà nìkan. Pátákó ìkọ̀wé wà níbẹ̀. Kí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ ètò sí i kí gbogbo èèyàn rí i, kí a sì fi èyí tó kù ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ kọ orúkọ àpérò sórí pátákó yẹn pẹ̀lú. Tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ dúró síwájú ẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ ìwé á nù ún, á parí.

Àlejò dé? Obì ni kí ẹ fi kí wọn. Agége la wà, kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n, kò sì sí àpọ́nlé Yorùbá tó ju ìyẹn lọ. Oúnjẹ ńkọ́? Mọ́ínmọ́ín ewé, tàbí ẹ̀wà agányìn pẹ̀lú búrẹ́dì tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà, kí a gbà á gbígbóná lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì sínú agbọ̀n. Àwọn tó ń yá èèyàn ní àga àti àwo fún ìnáwó wà ládùúgbò gbogbo. Kí a yá àwo wọn. Kí a wá àwọn ìyá tó ń fọ àwo níbi àríyá, kí a san owó tó dáa fún wọn. Owó yẹn á wà ní Agége. Owó abọ́ ike ò ní wà níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú 20 tí wọ́n fi jẹun lọ. Kí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ tò sórí ìlà kan náà. Gbogbo owó tó bá ṣẹ́kù, kí a fi san owó ọkọ̀ ẹni tó ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè.

Kí a sì pe àwọn tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ṣa ike ní Olúsosùn mọ irú ike tí ẹnikẹ́ni kì í rà, wọ́n mọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Àwọn tó ń gbé etí gọ́tà mọ ọjọ́ tí àwọ̀ omi ń yí. Kí wọ́n jókòó níwájú, kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ní Haúsá, ní píjìn, kí a san owó fún wọn bí a ṣe ń san fún olùbánisọ̀rọ̀ tó wọ bàálù wá. Iṣẹ́ tó bá dárúkọ gọ́tà ilé iṣẹ́ kankan, kí ó jẹ́ ti àkọ́kọ́ láàárọ̀, nígbà tí gbogbo etí ṣì mọ́.

Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí a tú ká, kí a tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí a kó gbogbo ìdọ̀tí ọjọ́ náà sínú àpò, kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n níwájú gbogbo wa, kí ẹnì kan ka iye kílò ẹ̀ sókè. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé tí àpérò bá tẹ̀ jáde. Ẹni tó bá máa ṣe tiẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kó gbìyànjú kí tiẹ̀ fúyẹ́ ju tiwa lọ. Irú ìdíje tí mo fẹ́ láàárín àwa ọ̀mọ̀wé nìyẹn.

Kò sí èyí tó le níbẹ̀. Kò sí èyí tó ń béèrè owó láti òkè òkun. Ohun tó le ni ìpàdé àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀, nígbà tí ẹnì kan bá mú bíró, tó kọ "báńnà" sí nọ́ńbà kìíní, tí gbogbo yín dákẹ́ torí pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ẹ má dákẹ́. Ẹ má sì ṣe àlàyé gígùn. Nílẹ̀ yẹn, lórí báńnà, lórí báàgì, lórí ìgò omi, lórí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kàn bi wọ́n léèrè pé: tí a bá lọ tán, ta ló máa kó o?